Ìka Idil, Orúkọ Sagal

Bí o bá wọ ìlú Hagarbul ní Kẹ́ńyà tí o béèrè wàrà ràkúnmí tí kì í kan kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé Dahabo ni wọn yóò júwe fún ọ. Obìnrin gíga ni, ó gbẹ, kì í sì í gba ìgbàkugbà. Láràárọ̀ ló máa ń ki ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń rú èéfín bọ inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, á dé e, á mì í jìgìjìgì, títí èéfín á fi wọ ara kẹ́ẹ̀gì náà, kó tó da wàrà sí i. Ó ti fi igi lé ìkookò kúrò lára ọmọ ràkúnmí rí. Ọlọ́pàá kan tó fẹ́ fi agbára mu wàrà nísọ̀ rẹ̀ rí, ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́ ló fi kúrò níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹ̀rù máa ń ba Dahabo, àwọn ará Hagarbul á ní kó lọ bọ́jú kó tún padà wá sọ ọ́.

Ẹ̀rù ń bà á o. Dígí kan ló ń bẹ̀rù, dígí kékeré tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, tí ìjọba ń ní kí èèyàn gbé ìka lé kí wọ́n tó fún un ní káàdì ìdánimọ̀. Kì í ṣe nítorí ìka tirẹ̀. Òun ti gba káàdì tirẹ̀ láyé ọjọ́un, nígbà tí tàdáwà dúdú àti bébà ṣì tó fún wọn. Nítorí ìka Idil ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún ọ̀dá ńlá, nígbà tí Idil ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Òjò kọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ewúrẹ́ kú tán, màlúù kú tán, ràkúnmí tí a ní òùngbẹ kì í pa bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ láìdìde mọ́. Gedi, ọkọ Dahabo, da ìwọ̀nba tó kù lọ sí ẹ̀bá odò Tana, ó ní kí ìyàwó òun mú ọmọ lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn èèyàn wo? Ebi ti tú gbogbo wọn ká. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní gbogbo agbègbè náà, ìyẹn ni àgọ́ àwọn ogunléndé tó wà lọ́nà ààlà, níbi tí àwọn tó sá ogun kúrò ní Sòmálíà ń gbé. Àlejò ń rí jẹ, ọmọ onílẹ̀ ń kú. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò bínú àlejò o. Ta ni yóò jowú ẹni tí ogun lé kúrò nílé? Ìjọba tó gbàgbé ọmọ tirẹ̀ sínú aginjù ni mò ń bínú sí.

Dahabo pọn Idil, ó sì rìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ náà. Wọ́n bi í léèrè abúlé tó ti sá wá. Kò mọ orúkọ abúlé kankan ní òdìkejì ààlà, irọ́ kò sì tíì yá a lẹ́nu nígbà náà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní ọmọ Kẹ́ńyà ni, kó lọ bá ìjọba rẹ̀. Ó lọ jókòó síbi ọgbà tí wọ́n fi ẹ̀gún ṣe. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tilẹ̀ sunkún mọ́, ìyẹn gan-an ló sì já a láyà jù lọ.

Shamso ló rí wọn níbẹ̀. Shamso sá ogun wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ; èdè kan náà ni òun àti Dahabo ń sọ, ààlà tí àwọn òyìnbó fà ló kàn yà wọ́n. Ó mú wọn lọ sí abẹ́ tapólì tó fi ṣe ilé, ó rọ ẹ̀kọ àgbàdo sínú ife, ó ń fi ìka tọ́ ọ sí Idil lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọbìnrin tirẹ̀ lọ, Sagal, tí òun àti Idil ìbá jọ máa ṣeré. Wọ́n sin ín sínú yanrìn lẹ́yìn àgọ́. Àwọn akọ̀wé ti kọ orúkọ ọmọ náà mọ́ ti ìdílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ọjọ́ tí wọn yóò tẹ̀ka ni kò tíì pé, kò sì sí ẹni tó lọ sọ fún wọn pé ọ̀kan ti dín.

Láàárín àwa darandaran, bí ọ̀dá bá sọ èèyàn di aláìní, ẹni tó bá ní á yá a ní abo ràkúnmí tó ní wàrà lọ́mú. O ó máa fún wàrà rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ, ṣùgbọ́n ràkúnmí náà kò di tìrẹ. Bí òjò bá rọ̀ tí koríko hù, o ó fà á padà fún ẹni tó ni ín, o ó sì dúpẹ́. A kì í kọ ọ́ sílẹ̀, a kì í pe ẹlẹ́rìí sí i, a kò sì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan kọ̀ láti dá a padà.

Bí Shamso ṣe rí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó ní, "Sagal ò ní jẹ ìpín ẹ̀ mọ́. Jẹ́ kí Idil máa jẹ ẹ́. Tójò bá ti rọ̀, kó o dá orúkọ ọmọ mi padà fún mi, kẹ́ ẹ máa lọ."

Dahabo sunkún, ó sì gbà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe ìdílé náà, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọmọ rẹ̀ lójú, tó tún kọ́ ọ bí yóò ṣe jẹ́ "Sagal" bí wọ́n bá pè é. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń wo bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ sánmà ṣe ń mú ìka Idil ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, bí ẹni ń fún ọmú ewúrẹ́. Idil ń rẹ́rìn-ín, iná abẹ́ dígí náà ń wù ú. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shamso, wọ́n kọ ọ́ pé ìyá àti ọmọ.

Òjò rọ̀ nígbà tó yá. Dahabo dì mọ́ Shamso, ó dúpẹ́, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó padà sílé, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti dá ràkúnmí padà.

Ọdún gorí ọdún. Gedi kó ràkúnmí díẹ̀ bọ̀ láti odò, ibà sì pa á lẹ́yìn náà. Dahabo wá fìdí kalẹ̀ sí Hagarbul, ó ń ta wàrà, ó rán Idil níwèé. Bí ọmọ náà bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ nídìí èéfín, á lé e dà nù pé kó lọ kàwé. Kò rántí àgọ́ yẹn mọ́ àfi tí ọ̀dá bá tún ń halẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Yarow ló jí i. Yarow ni ọmọ Habiba, obìnrin tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà pé ọjọ́ orí káàdì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó lọ sí ọ́fíìsì. Ó gbé ìka lé dígí, wọ́n sì ní ogunléndé ni. Ìyá rẹ̀ bí i sí ìdí igi kan tí kò jìnnà sí Hagarbul, gbogbo ìlú mọ ìdí igi náà, àmọ́ òun náà ti gbé e lọ jẹ àgbàdo ní àgọ́ lọ́dún ọ̀dá. Wọn kò fún un ní káàdì. Láìpẹ́, àwọn ọlọ́pàá mú un lójú pópó, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì ń sọ pé àwọn yóò dá a padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, ibi tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí láyé. Àwọn àgbà ìlú ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, Yarow kì í jáde. Bí mọ́tò bá dúró níta, ó ti sá wọ yàrá ìyá rẹ̀ nìyẹn, ọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Dahabo bi Habiba léèrè bí ìka tí wọ́n tẹ̀ ní àgọ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ ìjọba níhìn-ín. Habiba ń fọ ife, kò gbójú sókè.

"Ta ló bi mí?" ni ó wí. "Ẹni tó ń pín àgbàdo ni mo fìka ọmọ mi fún. Mi ò fún ọlọ́pàá."

Ẹ̀rù wọ Dahabo lára lọ́jọ́ náà, kò sì jáde mọ́. Bí Idil bá ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ ọmọ náà ni ìyá rẹ̀ ń wò. Bí wọ́n bá ń jẹun, ìka rẹ̀ ló ń wò. Idil fẹ́ ra síìmù fóònù, Dahabo ní kí wọ́n fi orúkọ òun rà á. Wọ́n ń ya fọ́tò fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ní ara Idil kò yá. Bí ọkọ̀ ìjọba bá gba iwájú ìsọ̀ kọjá, wàrà á máa dà nù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà á ní, "Ìyá Idil, ṣé kò sí o?" á ní kò sí. Irú ẹ̀rù yìí kì í jẹ́ kí èèyàn sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá sọ ọ́ fún lè jẹ́ ẹni tí yóò gbé e dé etí ìjọba. Kò sọ fún Habiba. Kò sọ fún Idil pàápàá.

Bẹ́ẹ̀ Idil ń dàgbà. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó tún mọ yẹ̀yẹ́ ṣe. Nígbà tó jáde ilé ìwé, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní òdìkejì odò gbà á, wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fún ẹlòmíràn láyè rẹ̀. Láìsí káàdì, kò tilẹ̀ lè kọjá afárá. Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kì í wo ojú èèyàn kí wọ́n tó wo káàdì.

Dahabo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Ràkúnmí fẹ́ bí. Kí ààwẹ̀ kọ́kọ́ tán. Ẹ̀yìn ń dun òun, kò lè tẹ̀ lé e lọ, wọn kò sì ní dá ọmọ lóhùn láìsí òbí.

Idil ní, "Màmá, ẹ̀yìn yín yìí mà gbọ́n o. Ọjọ́ ọ́fíìsì nìkan ló máa ń dùn."

Dahabo rẹ́rìn-ín. Nínú ara rẹ̀, ó ń bínú sí ọmọ náà: à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ láàtàn. Nígbà tí àwáwí tán, ó rántí ohun kan tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyàwó tuntun, pé ẹ̀rọ náà kì í rí ìka tó bá ní làálì. Ìgbéyàwó kan wà ládùúgbò ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó po làálì dúdú, ó jẹ́ kó ki gan-an, ó mú Idil jókòó, ó kùn ún ní orí ìka, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún kùn ún lé e, kò ya òdòdó kankan, kò ya ewé, orí ìka nìkan ló ń kùn títí ó fi dúdú bíi èédú. Idil ní irú ọnà wo rèé. Ìyá rẹ̀ ní ọnà ayé àtijọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì, àwọn àgbà tó ń yẹ èèyàn wò kọ́kọ́ bi Idil ní ìran bàbá rẹ̀. Ó kà á láti orí Gedi lọ sẹ́yìn láìfi ẹnì kan sílẹ̀, wọ́n sì ń mi orí. Wọ́n mọ Gedi, wọ́n mọ Dahabo, wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ ibí ni. Nígbà náà ni wọ́n wá darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Mwende, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, tó ti òkè Machakos wá. Ọlọ́pàá kan gbé ìbọn sórí itan lẹ́nu ọ̀nà. Mwende wo ìka Idil, ó mi orí.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí àti làálì yín! Ẹ̀rọ ò lè rí nǹkan kan lára eléyìí. Lọ fọ̀ ọ́, tó bá parẹ́ tán, kó o padà wá." Ó yí ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ta ló tiẹ̀ kùn ún fún ẹ báyìí? Ó jọ pé ẹni náà mọ ohun tó ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ àwàdà ni Mwende sọ, ṣùgbọ́n Dahabo fa Idil lọ́wọ́ jáde wéré. Nígbà tí wọ́n délé, Idil ti ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú ìyá rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń fi pa mọ́ lára ọwọ́ mi?"

Dahabo gbìyànjú láti bínú, ìbínú kò wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ tán pátá, láti orí ẹ̀kọ àgbàdo títí dé orí ọmọ tó wà nínú yanrìn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ara ń tù ú, tí ẹ̀rù mìíràn sì ń wọlé, nítorí ojú Idil ń yí padà.

"Ẹ fún mi lórúkọ òkú, Màmá."

"Mo fún ẹ lóúnjẹ."

"Gbogbo bí mo ṣe ń kàwé yìí, ẹ mọ̀ pé ó lè já sí òfo, ẹ kàn ń wò mí."

Idil lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì omi, ó ń fọ ọwọ́, ó ń fi yanrìn ha á, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni fẹ́ bó awọ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó dúró. Ó ní bó bá jẹ́ pé yíyá ni wọ́n yá orúkọ náà, kí àwọn lọ bá ẹni tó ni ín, kí àwọn dá a padà lójú àwọn akọ̀wé. Kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Dahabo ní ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Idil ní òun kò fẹ́ di Yarow.

Wọ́n bá lọ́rì tó ń kó wàrà lọ sí ọ̀nà àgọ́. Idil jókòó sáàárín kẹ́ẹ̀gì, ó fi híjáàbù bo ojú, káàdì ilé ìwé rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ni Dahabo ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀. Ọlọ́pàá kan yẹ káàdì ilé ìwé náà wò, ó yí i padà, ó bi Idil pé kí ló ń lọ ṣe lọ́nà àgọ́. Kí Idil tó la ẹnu, Dahabo ti ní àbúrò òun ń ṣàìsàn lọ́hùn-ún. Irọ́ ti wá ń yá a lẹ́nu báyìí. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó sì ju káàdì náà padà sí wọn.

Shamso ti darúgbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọ ti tú ká, tapólì ti di ilé igi àti páànù. Nígbà tí Dahabo sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, kò wo Dahabo rárá. Ó mú Idil ní èjìká, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Báyìí ni ọmọ mi ì bá ṣe ga tó," ló sọ.

Wọ́n mu tíì, wọ́n jẹun. Dahabo sọ ohun tó bá a wá. Shamso ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó ní òun kò sọ ọ́ rí. Òun kò sọ fún akọ̀wé kankan láti ọjọ́ náà wá pé Sagal kú. Bí wọ́n bá ka ìdílé òun, orúkọ ọmọ náà a máa jáde, àwọn tó ń ka orúkọ á béèrè ibi tó wà, òun á ní ó rìnrìn àjò.

"Gbogbo ọdún ni wọ́n ń fi kún ọjọ́ orí ẹ̀," ni Shamso wí. "Lọ́dọ̀ wọn, ó ti tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó ti wà láàyè, Dahabo. Ohun tó o ní kí n wá lọ pa nìyẹn."

Dahabo wólẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀. Idil ní kó dìde, kò dìde. Shamso sunkún títí, lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ní kó o dá a padà tójò bá rọ̀. Òjò ti rọ̀ tipẹ́. Ó dáa, màá lọ."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀rù ló sì bà á jẹ́. Idil fẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọlé lọ, kí òun gbé ìka lé dígí, kí wọ́n rí i pé ìka òun ni wọ́n kọ mọ́ orúkọ Sagal, pé àwọn àgbà méjì ló ṣe é nígbà tí òun kò mọ nǹkan kan. Ara Dahabo kọ̀ ọ́. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń mú àwọn tó jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe tiwọn. Ó rí ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó rí Shamso tí wọ́n gba ìpín rẹ̀, ó rí Idil nínú ọkọ̀ tó dojú kọ ààlà. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí Shamso sọ ikú nìkan. Bí ọmọ náà bá ti kú lọ́dọ̀ wọn, gbogbo ohun tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ rẹ̀ yóò bá a lọ, ìka àti gbogbo rẹ̀, Idil yóò sì bọ́.

"Ẹ má dárúkọ ìka," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Òkú nìkan ni kẹ́ ẹ sọ."

Idil ní, "Màmá, irọ́ kan náà lẹ tún ń pa yìí."

Ṣùgbọ́n ta ló lè bá ìyá tó ń gbọ̀n jà? Shamso nìkan ló lọ síbi wíńdò àwọn akọ̀wé àgọ́. Dahabo àti Idil dúró lọ́ọ̀ọ́kán láàárín èrò. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pé ọmọ òun Sagal ti kú, ó sì ní láti tún un sọ nítorí akọ̀wé náà kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Akọ̀wé béèrè ìgbà tó kú, ó béèrè ohun tó pa á, ó béèrè ìdí tí kò fi sọ. Shamso dáhùn ohun tó lè dáhùn. Wọ́n ní kó fi ìka tirẹ̀ jẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ó gbé e lé dígí. Ìgbà tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, kò dúró, ó kọjá lára wọn lọ sílé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dágbére lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, kò ṣí i.

Nígbà tí làálì parẹ́ tán, tí àwọ̀ ìka Idil yọ padà, wọ́n tún gbọ̀nà ọ́fíìsì. Dahabo kò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ìrètí díẹ̀ wà fún un lọ́jọ́ náà, ó tilẹ̀ gbé wàrà dání fún Mwende. Idil kò bá a ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti àgọ́ dé. Ọlọ́pàá ọjọ́sí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mwende gba wàrà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó yẹ ìka Idil wò.

"Hẹn ẹn. Ìka gidi nìyí. Gbé e lé e, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́."

Idil gbé e lé e. Ẹ̀rọ náà ń rò ó. Dahabo ń wo ojú Mwende, nítorí kò lè ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ojú Mwende sì ni òun lè kà. Ó rí i bí ẹ̀rín náà ṣe ń kúrò díẹ̀díẹ̀. Mwende tẹ nǹkan, ó tún un tẹ̀. Ó ní kí Idil gbé ọwọ́ kúrò, kó tún gbé e padà. Ó wo Idil, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo Idil.

"Wọ́n ti ní ìka yìí tẹ́lẹ̀," ló sọ. "Lára àwọn ogunléndé. Sagal ni wọ́n kọ síbẹ̀." Ṣùgbọ́n Mwende kò tíì parí. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi ìka tọ ibi kan. "Wọ́n sì ní ó ti kú. Oṣù yìí gan-an ni wọ́n kọ ọ́."

Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà gbé orí sókè.

"Ọmọ mi ni," Dahabo wí. "Idil ni. Ó wà láàyè, ẹ̀ ń wò ó."

"Mo rí i, Màmá." Mwende ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà. "Àmọ́ kì í ṣe èmi ni màá sọ ẹni tó wà láàyè. Ìyá ẹ̀ ló tẹ̀ka sí i pé ó ti kú."

Idil kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí dígí. Ó yíjú sí Dahabo, kò bínú, kò sunkún, ó kàn ń dúró de ìyá rẹ̀ kó sọ pé orúkọ yíyá ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Dahabo mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀, ó ti wà létè rẹ̀. Ọlọ́pàá náà gbé ìbọn kúrò lórí itan, ó dìde dúró kó lè gbọ́ dáadáa. Ẹ̀rù ba Dahabo, ó sì dákẹ́.